Afẹ́fẹ́ Táyà Ẹ̀yìn

"Jóṣúà, géèjì rẹ yìí ń parọ́."

Tàófíìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn bí ẹní ń tẹ ọsàn wò lọ́jà. Táyà náà le koko. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lórí òrùlé Ìdúmàgbò ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí Jóṣúà fi ń fẹ́ táyà ti ń kùn lẹ́bàá títì, àwọn tó fẹ́ tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù sì ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Bàbá Nusrat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba géèjì mi lórúkọ jẹ́ ní kùtù hàì." Jóṣúà ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkìtì ni, ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ táyà níbẹ̀, kò sì sí alùpùpù kan ládùúgbò náà tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú àpótí irinṣẹ́, ó mú géèjì mìíràn tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ jáde, èyí tó ṣì ń dán, ó kì í bọ ẹnu táyà. "Ẹ wò ó fúnra yín. Márùndínlógójì. Ohun tí à ń fi sí i náà nìyí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, tí ẹ bá fẹ́ gbé Ìyá Nusrat."

"Kí ló wá dé tó ń fò?"

"Ó ń fò?"

"Bí ẹni pé ewúrẹ́ ni mo gùn. Tí mo bá ti kan kòtò kékeré báyìí, ẹ̀yìn á fò sókè, á tún já lulẹ̀ gbì. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí mo bá fi afẹ́fẹ́ ẹlẹ́ni méjì gbé èmi nìkan."

Jóṣúà fi ara tẹ ìjókòó ẹ̀yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó yí táyà, ó wò ó yípo. "Ṣọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Táyà ò gbó. Afẹ́fẹ́ pé." Ó fi àkísà nu ọwọ́. "Ó wá ku ẹrù. Ṣé ẹrù ò dín?"

"Ẹrù wo? Ìyàwó mi ni mò ń gbé láàárọ̀. Ìgbà tí mo bá já a sílẹ̀ tán ni mo tó ń de àpótí ẹrù mọ́ ọn."

Jóṣúà la ẹnu, ó wo òdìkejì títì, ó sì tún pa ẹnu rẹ̀ dé.

Gàníátù, ìyàwó Tàófíìkì, ló dúró lódìkejì yẹn, lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn kò tíì ṣí. Ó gbé báàgì ńlá mọ́ àyà. Híjáàbù aláwọ̀ eérú tó wọ̀ balẹ̀ dé orúnkún, kò sì sí ohun tí èèyàn lè rí nínú obìnrin náà ju ojú àti ọwọ́ lọ. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ọkùnrin méjèèjì ń wo òun, ó yí ojú sí ibòmíràn.

"Ó dáa," ni Tàófíìkì wí. "Bóyá ọ̀nà ló burú sí i."

"Bóyá ọ̀nà ni, Bàbá," ni Jóṣúà fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Iṣẹ́ dísípáàṣì ni Tàófíìkì ń ṣe. Ó ń kó ẹrù àwọn oníléèsì Balógun lọ fún àwọn oníbàárà wọn, láti Ìkòyí títí dé Ajáh. Alùpùpù rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ìjọba lé kúrò ní Èkó; ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ tóbi, ìwé rẹ̀ pé, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ táyà kì í ṣe ohun tó fi ń ṣeré rárá. Ó ti rí ẹni tí táyà rẹ̀ rọ̀ jù, tó gbóná lórí bíríìjì lọ́sàn-án gangan, tó bẹ́. Ó ti rí ẹni tí tirẹ̀ le jù, tí kò di ilẹ̀ mú nígbà tí òjò rọ̀, tó yọ̀ bọ́ sínú gọ́tà pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù. Nítorí náà, bó bá ti kírun Àsùbáà tán, kí táyà tó gbóná rárá, ọ̀dọ̀ Jóṣúà ló ń kọ́kọ́ yà. Ọgbọ̀n bó bá jẹ́ òun nìkan. Márùndínlógójì bí Gàníátù bá wà lẹ́yìn. Kò yí i padà rí.

Ó tan alùpùpù. Gàníátù sọdá títì wá, ó gùn ún, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sí àárín òun àti ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ sẹ́yìn di irin ìjókòó mú.

Èyí gan-an ló ń dun Tàófíìkì. Láyé ọjọ́un, tí Gàníátù bá ti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìjókòó, alùpùpù á wọlẹ̀ díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì á sì dún kíìn. Tàófíìkì á ní, "Olóyè ti gorí ìtẹ́." Obìnrin náà á gbá a lẹ́yìn, á wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a nínú mọ́ra títí wọn á fi dé Balógun. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ààwẹ̀ ni báàgì ti ń jókòó sáàárín wọn. Nínú ilé pàápàá, Gàníátù ti kó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ́ ẹní sẹ́bàá fèrèsé, ó ní ooru ń mú òun. Ta ni ooru kì í mú ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Tàófíìkì kò bá a jiyàn. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìbínú ni. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fídáù Sùlè, ẹ̀gbọ́n Gàníátù, ẹrù ló gbé lọ sí Ajáh, kò sì dé títí àwọn ààfáà fi tú ká. Ó ti bẹ̀ ẹ́. Gàníátù ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ti gbé ìyàwó pẹ́ mọ̀ pé "kò sí nǹkan kan" lè wúwo ju ẹkún ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ní Tinúbú, ìdérí irin kan yọ sókè lójú títì. Táyà iwájú kọjá lórí rẹ̀, táyà ẹ̀yìn fò, ó já lulẹ̀ gbì.

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́!"

"Má bínú." Ó dẹ ìrìn rẹ̀. "Ìyá Nusrat."

"Ẹ̀n?"

"Ṣé ọ̀rọ̀ fídáù yẹn náà ló ṣì wà nínú rẹ?"

Gàníátù fa báàgì náà mọ́ra. "Ẹ fojú sí títì, Bàbá Nusrat."

Lọ́jọ́ kejì, bí Tàófíìkì ṣe dé ọ̀dọ̀ Jóṣúà, ó ní, "Fi ọgbọ̀n sí i."

Jóṣúà gbé orí sókè. "Sí táyà ẹ̀yìn? Ṣé Màmá ò lọ lónìí ni?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

"Bàbá, ti ẹnì kan ni ọgbọ̀n. Táyà á tẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa gbóná, ẹ̀yin gan-an lẹ sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó kù."

"Mo mọ̀. Fi í sí i, mo fẹ́ wo nǹkan kan ni. Ibi tí mò ń gbé e lọ ò jìnnà."

Jóṣúà tú afẹ́fẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń tú u. Nígbà tí Gàníátù dé, tó gùn ún, Jóṣúà tẹjú mọ́ ibi tí táyà ẹ̀yìn ti fi inú lélẹ̀, ó sì mi orí.

Tàófíìkì rọra ń lọ. Ó ń retí kí táyà sọ fún un pé òun ti ṣìṣe: kí ẹ̀yìn máa yí sọ́tùn-ún yí sósì, kí ìdarí wúwo lọ́wọ́ bó ṣe máa ń wúwo nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kéré. Wọ́n kọjá Ẹnu Ọ̀wá, kò rí nǹkan kan. Wọ́n dé Tinúbú, ó mọ̀ọ́mọ̀ gba orí ìdérí irin àná. Alùpùpù náà gun orí rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹní. Kò fò. Kò tẹ̀. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lọ nírọ̀lẹ́ tí òun nìkan bá ń darí bọ̀ wálé.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, òtútù kan gbá a láyà nínú oòrùn òwúrọ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ ẹnì kan ló wà nínú táyà, èèyàn méjì ló gùn ún, táyà ò sì mọ̀.

Ó wo inú díńgí ẹ̀gbẹ́. Híjáàbù aláwọ̀ eérú nìkan ló rí, tí afẹ́fẹ́ ń gbé lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Wọ́n dé Balógun. Gàníátù sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ọ̀nà tuntun lẹ gbà lónìí ni? Kò gbọ̀n wá rárá."

"Ọ̀nà àtijọ́ náà ni," ni Tàófíìkì wí.

Kò lè ṣiṣẹ́ gidi kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé ẹrù oníbàárà kan lọ sí Ìkòyí, ó kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Bó ṣe ń wa alùpùpù ló ń ro bí ọjọ́ ti ń lọ: bí Gàníátù ti máa ń jẹun tí àwo ń mọ́ tónítóní, tó tún ń bu sí i, bí òun sì ti ń yọ̀ pé ara rẹ̀ le. Bí ó ti máa ń jí lóru lọ mu omi. Bí Nusrat, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin, ti bèèrè lórí fóònù pé, "Dádì, ṣé ara Mọ́mì le? Ohùn wọn ò dún bíi tiwọn," tí òun sì dáhùn pé ojú ọ̀nà fóònù ló burú. Gbogbo èèyàn ló ti ń fi ọwọ́ tọ́ka sí i. Òun tó ń gbé e lójoojúmọ́ ni kò mọ̀.

Kò kírun Áílà kí ó tó yà sí Balógun. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kan ni Gàníátù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Azeemah ti ń ṣiṣẹ́. Òkúta dídán wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gán mọ́ ara léèsì fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Gàníátù ló lọ́wọ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Léèsì tó bá ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí ìrì tó sẹ̀ sórí koríko ló ń rí.

Kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà ṣí díẹ̀. Tàófíìkì fẹ́ kí wọn, ṣùgbọ́n ohun tó rí mú un dúró.

Azeemah nìkan ló ń gán léèsì. Gàníátù jókòó sẹ́bàá fáànù, ó ti bọ́ híjáàbù sórí itan. Apá rẹ̀ ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá ọmọdébìnrin, egungun èjìká rẹ̀ yọ. Ó nawọ́ gba ife omi kan lórí tábìlì, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti fi ọwọ́ kejì mú un kí omi má baà dànù. Nígbà tó gbé orí sókè láti mu ún, Tàófíìkì rí ọrùn rẹ̀. Nǹkan kan wú síwájú ọ̀fun níbẹ̀, ó tó ẹyin, ó ń lọ sókè sódò bí omi ti ń wọlé.

Gẹ̀gẹ̀ ni.

Tàófíìkì fi ẹ̀yìn rìn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí olè. Ó ra omi tútù ní ìsàlẹ̀, ó dúró nínú èrò títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Ó wá tún gun òkè náà, ó ń fi bàtà lu ilẹ̀ gbàgbàgbà, ó sì kígbe láti àárín àtẹ̀gùn pé, "Asàláàmù aléékùn o! Ẹ̀yin ará ibí o!" Ó dúró díẹ̀ sí i lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ húkọ́, kí ó tó wọlé.

Híjáàbù ti wà ní ipò rẹ̀. Léèsì wà lórí itan Gàníátù. Azeemah ń wo ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni Gàníátù wí. "Kí lẹ wá ṣe lọ́sàn-án gangan?"

"Omi ni mo rà wá fún yín." Ó gbé e kalẹ̀. "Wọ bàtà rẹ, Gàní. Mo fẹ́ kí o bá mi dé ibì kan. Azeemah, jọ̀ọ́, bá wa mójú tó ibí."

Àwọn àlejò kì í gbọ́ kí ó pè é ní Gàní. Bóyá ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi dìde láìjiyàn.

Marina ló gbé e lọ, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ti máa ń wá gba atẹ́gùn létí ọ̀sà. Wọ́n jókòó sórí pèpéle kan. Ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ sí Àpápá, ó ń fa ìrù funfun tẹ̀lé ara rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì ń wò ó bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wá.

"Láàárọ̀ yìí," ni Tàófíìkì bẹ̀rẹ̀, "ọgbọ̀n ni mo ní kí Jóṣúà fi sí táyà ẹ̀yìn."

Ẹni tí wọ́n ti ń gbé lórí alùpùpù kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kò nílò àlàyé. "Ṣé ọgbọ̀n kọ́ ni tiyín nìkan?"

"Òun ni."

"Ẹ sì gbé mi lé e?"

"Mo gbé ọ lé e. Kò mì. Kò tẹ̀. Ó gbé wa bí ẹni pé ẹnì kan ni wá." Ó fi ojú lé ọkọ̀ ojú omi náà. "Gàní, níbo lo lọ? Ta ni mò ń gbé láàárọ̀?"

Gàníátù kò wojú rẹ̀. Ó fi etí híjáàbù nu ojú, ó tún nù ún. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ rí mi lónìí, àbí? Kí ẹ tó lọ ra omi."

"Mo rí ọ."

"Mo mọ̀. Mo mọ ìró bàtà yín. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń padà sísàlẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò wọlé?"

Ẹ̀rín kékeré kan já lẹ́nu Gàníátù láàárín ẹkún, ó sì ran ọkọ rẹ̀ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé méjì tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán.

"Ìyá mi ní in," ni Gàníátù wí.

"Ibà ni wọ́n sọ fún mi pé ó pa ìyá rẹ."

"Ibà là ń sọ fún gbogbo èèyàn. Gẹ̀gẹ̀ ni. Àwọn ọmọ agboolé á máa kọrin tẹ̀ lé e bó bá ń lọ pọnmi. Ìyá mi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí kò lè mí dáadáa mọ́, wọ́n ní kí wọ́n lọ gé e. Bàbá mi ní òun ò lè dúró ní ilé ìwòsàn, òórùn ibẹ̀ ń rí òun lára. Ìyá mi dá lọ. Ìdì aṣọ rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá bá wa." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí mo rí tèmi nínú díńgí, ẹ̀yìn ààwẹ̀, mo ní mo mọ ibi tó ń lọ. Mo ní kí n ṣáà máa bò ó. Àyà mi ń lù kìkìkì ní gbogbo ìgbà. Mo ní tí mo bá gbá yín mú lórí alùpùpù, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́yìn yín."

"Báàgì yẹn…"

"Nítorí ẹ̀ ni."

"Mo rò pé ìbínú ni. Mo rò pé nítorí Sùlè."

"Sùlè tó ti kú pàápàá mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ lọ. Mi ò bínú sí yín rí nítorí ẹ̀." Ó wá sọ èyí tó kù ní ohùn kékeré: "Mo tún ní, tí ẹ bá rí ọrùn mi, ojú tí ẹ ó fi máa wò mí á yàtọ̀."

Tàófíìkì yí ara padà, ó wò ó. "Ọrùn wo? Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ọ, ẹ̀yìn lo ń wà, iwájú ni mò ń wò. Kì í ṣe ọrùn rẹ ni mo fi mọ̀ ọ́. Ìwọ̀n rẹ ni mo mọ̀. Òun ni wọ́n jí lọ mọ́ mi lọ́wọ́, òun sì ni mo fẹ́ kí wọ́n dá padà."

Gàníátù sunkún gidi lọ́tẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Marina ti mọ ẹkún lára.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Nusrat."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Jẹ́ ká jọ gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Kì í ṣe òní."

"Òní ni. Bí wọ́n bá ní kí a padà wá lọ́la, a ó padà lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n òní la ó dé ẹnu ọ̀nà wọn."

Ó na ọwọ́ sí i. Gàníátù wo ọwọ́ náà, ó wo ọwọ́ tirẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó sì fi í sínú rẹ̀.

Dókítà tó rí wọn ní ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin tí kò lè dàgbà ju Nusrat lọ púpọ̀, fọwọ́ kan ọrùn Gàníátù jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, ó ní kí ó gbé itọ́ mì. Ó bi í léèrè bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, bóyá ooru máa ń mú un ju àwọn tó kù lọ. Tàófíìkì jókòó tì í, ojú sì ń tì í bí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, nítorí pé gbogbo rẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà ṣàlàyé pé ẹran kan wà lọ́fun ọmọ èèyàn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ti Gàníátù ti ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ó ń jó o lọ́ra bí iná àdògán tí wọn kò dín kù.

"Màmá, ó ní oògùn," ni dókítà wí. "Ẹ ó máa lò ó lójoojúmọ́, ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Tí ara bá ti balẹ̀ tán, ẹ lè pinnu bóyá ká ṣe iṣẹ́ abẹ láti yọ wíwú náà, torí ó ti ń tẹ ọ̀nà èémí yín. A ò ní fipá mú yín o. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe é kí oògùn tó ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà."

"Ṣé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá mi ń lọ?" ni Gàníátù bèèrè.

Dókítà wò ó pẹ́. "Mi ò lè sọ, Màmá. Ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n nísinsìnyí."

Oògùn náà kò yára. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, Gàníátù sì ti fẹ́ máa kùn. Lẹ́yìn náà ni oorun kọ́kọ́ padà sójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e: lọ́jọ́ kan, Azeemah pe Tàófíìkì lórí fóònù, ó ní kí ó wá wo nǹkan, nígbà tó sì débẹ̀, Gàníátù ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó ń ki òmíràn bọ̀ ọ́, kò ṣe nǹkan mìíràn, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ó ṣe ń dúró jẹ́ẹ́. Ó pe Nusrat fúnra rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi kan bò. Jóṣúà náà kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó wo táyà ẹ̀yìn nígbà tí wọ́n gùn ún tán, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún afẹ́fẹ́ rẹ̀." Kò pẹ́, ó tún fi ẹyọ kan kún un.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, kò sì sẹ́ni tó ń dá a sílẹ̀. Tàófíìkì ti to gbogbo ohun tó fẹ́ sọ jọ sínú. Ó ti bá ààfáà àdúgbò sọ̀rọ̀, ó ti bi dókítà ní ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà fi yé e. Ọjọ́ tó bá ti fẹ́ la ẹnu, ó máa rántí ìdì aṣọ kan tí wọ́n gbé wọ agboolé, á sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Gàníátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé àtẹ ẹ̀wà lé itan. Tàófíìkì wá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti pinnu pé òní lòun máa sọ ọ́.

"Gàní…"

"Mo ti fún dókítà lésì," ni Gàníátù wí. Kò gbé ojú kúrò lórí àtẹ.

"Èsì wo?"

"Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Tàófíìkì ti tò jọ tú ká. "Ìwọ nìkan lo lọ bá wọn?"

"Azeemah sìn mí. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe pé wọ́n bẹ̀ mí." Ó fẹ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀wà. "Ìyá mi dá lọ ni. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé òun ló ń bà mí lẹ́rù jù, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ̀yin ó dúró, àbí?"

"Àfi tí wọ́n bá lé mi."

"Nusrat náà ń bọ̀. Mo ti ní kó má bọ̀ o, ó ní òun ti gba àyè." Ó gbé àtẹ náà kúrò lórí itan, ó sì gbé e lé ti ọkọ rẹ̀. "Ó yá, ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà. Ẹ ò lè máa fi búrẹ́dì panu títí n ó fi dé."

Títí n ó fi dé. Tàófíìkì di ọ̀rọ̀ náà mú lọ́kàn, kò sì jẹ́ kí ó hàn lójú rẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ síwájú lórí àtẹ, ó ń fojú wá ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Kí là ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Ẹ kọ́kọ́ ṣa èyí tí kòkòrò jẹ kúrò," ni Gàníátù wí, ó sì sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì kí ó lè máa wò ó.